Ẹja Orí Àtẹ ní Sabon Gari àti Ìtànṣán Inú Òkun: Òṣùwọ̀n Ló Yẹ Kó Sọ̀rọ̀, Kì í Ṣe Àhesọ

Ìlú Kánò jìnnà sí òkun. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Sabon Gari títí dé etí òkun ní Èkó yóò rin ìrìn tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Síbẹ̀, ohun inú òkun kì í wọ́n lórí àtẹ ní ọjà Sabon Gari, èyí tí ìjọba sọ ní orúkọ Muhammad Abubakar Rimi. Titus, kótè àti ṣáwá inú yìnyín wà níbẹ̀. Pańla wà níbẹ̀. Ẹja gbígbẹ líle tí àwọn Ígbò ń pè ní okporoko náà wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni kì í ṣe ẹja omi Nàìjíríà rárá. Inú òkun àwọn orílẹ̀-èdè bíi Norway àti Iceland ni wọ́n ti pa wọ́n, ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn wá sí èbúté, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì gbé wọn dé Kánò.

Láti nǹkan bí ọdún 1913 tí ìjọba amúnisìn ti ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò láti gúúsù ni Yorùbá, Ígbò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń gbé ibẹ̀, wọn kò sì fi ọbẹ̀ ẹja sílẹ̀ nílé nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìlera òkun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará Badagry tàbí ará Ìlàjẹ nìkan. Ó kan ìyá tó ń se ọbẹ̀ fún ọmọ ní Òpópónà Yorùbá ní Kánò, ó sì kan ẹni tó fi gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ ra páálí ẹja yìnyín kan láti tà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ohun tó bá gba ọ̀fun kọjá tó ohun tí à ń bi ìbéèrè nípa rẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ti ìtànṣán átọ́ọ̀mù tó wà nínú omi òkun, nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó rogún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti nínú ẹja àti àwọn ẹ̀dá mìíràn tó ń gbé inú rẹ̀.

Ìbẹ̀rù tí kò ní òṣùwọ̀n

Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì ní Japan, omi òkun ya wọ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Fukushima Daiichi, àwọn ẹ̀rọ agbára átọ́ọ̀mù ibẹ̀ sì bàjẹ́. Omi tó ní èròjà olóró ṣàn lọ sínú òkun. Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 2023, Japan tún bẹ̀rẹ̀ sí í da omi tí wọ́n ti sẹ́ láti ilé iṣẹ́ náà sínú òkun díẹ̀díẹ̀. China fòfin de ẹja Japan lọ́jọ́ náà gan-an.

Irú ìròyìn báyìí kì í pẹ́ dé ọjà. Orí fóònù ló ń gbà, kì í sì í bá òṣùwọ̀n rìn. Ohun tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ ni pé òkun ti ní májèlé, pé kí oníkálùkù yé jẹ ẹja yìnyín. Kò sí ẹni tó máa sọ òkun wo, ẹja wo, tàbí iye tí wọ́n wọ̀n nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń túmọ̀ ìròyìn náà wà lára ohun tó ń dá ìbẹ̀rù sílẹ̀. Bí a bá pe nǹkan ní májèlé ní èdè Yorùbá, ìwọ̀n ti jáde nínú ọ̀rọ̀: ẹni tó jẹ ẹ́ ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtànṣán kì í ṣe ohun tó wà tàbí tí kò sí. Ó wà níbi gbogbo, iye rẹ̀ ló yàtọ̀. Iyọ̀ ni ó jọ jù: ìwọ̀nba rẹ̀ kò pa ọbẹ̀ lára, bí ó bá pọ̀ jù, kò ní ṣeé fẹnu kàn. Ìyá tó ń lọ ra ọkà ní ọjà Kánò mọ mùdù. Ó mọ èyí tó kún àti èyí tí wọ́n tẹ̀ nídìí. Òun náà lè lóye òṣùwọ̀n ìtànṣán bí ẹnìkan bá ṣe àlàyé rẹ̀ fún un.

Òṣùwọ̀n ọ̀hún ni becquerel. Becquerel kan túmọ̀ sí pé átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo fọ́, tó sì tú ìtànṣán jáde, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó kéré púpọ̀. Nínú ara àgbàlagbà kan, potassium tí Ọlọ́run dá mọ́ oúnjẹ ń tú ìtànṣán tó ju 4,000 becquerel lọ. Ẹja tútù ní nǹkan bí 100 becquerel láti ara potassium yìí nínú kìlógíráàmù kan, ẹ̀wà tí wọn kò tíì sè sì lè ní tó 400. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bí 12. Ara ènìyàn mọ bí ó ṣe ń dá potassium tó bá pọ̀ jù padà, nítorí náà iye rẹ̀ nínú ara kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Èyí tí àwọn onímọ̀ ń ṣọ́ jù ni àwọn èròjà tí ọwọ́ ènìyàn dá sílẹ̀. Caesium-137 máa ń lò tó ọdún 30 kí ìdajì rẹ̀ tó pòórá, ẹran ara ẹja ló sì máa ń wọ̀. Strontium-90 máa ń lò tó ọdún 29, eegun ló sì máa ń lọ bá. Ọ̀pọ̀ nínú caesium tó wà káàkiri àwọn òkun àgbáyé kí ti Fukushima tó ṣẹlẹ̀ wá láti ara àwọn àdó olóró átọ́ọ̀mù tí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ń dán wò ní ojú sánmà ní ìdajì ọ̀rúndún tó kọjá. Ó ń lọ sí bíi becquerel kan tàbí méjì nínú 1,000 lítà omi.

Bí wọ́n ṣe ń wọ ìtànṣán inú òkun

Ìṣirò yìí fi hàn ìdí tí iṣẹ́ náà fi gba sùúrù. Ohun tí wọ́n ń wá kéré débi pé ife omi kan kò lè fi í hàn. Awọn tó ń wọn omi òkun máa ń bu ọ̀pọ̀ lítà, nígbà mìíràn 100 lítà, wọn á fi kẹ́míkà kó caesium inú rẹ̀ jọ sójú kan, kí wọ́n tó gbé e lọ síwájú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó dára jù fún iṣẹ́ náà ní germanium nínú. Afẹ́fẹ́ nitrogen tí wọ́n sọ di omi ló sábà máa ń mú un tutù títí dé nǹkan bí 196 ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Inú àpótí òjé tó nípọn ni wọ́n ń gbé e sí kí ìtànṣán àyíká má baà da ìṣirò rú. Ó lè lo odindi ọjọ́ kan lórí ẹ̀kún agolo kan ṣoṣo.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ní tirẹ̀. Wọn á sá a gbẹ, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á jọ̀ ọ́, wọn á sì dé e pinpin nínú ike fún nǹkan bí oṣù kan kí àwọn ọmọ tí radium ń bí tó pé iye kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé òun ni ìwé àkọsílẹ̀ òkun. Omi ń ṣàn lọ, ṣùgbọ́n ohun tó rogún ń dúró, ìpele kan lórí òmíràn, lọ́dọọdún.

Ní ti ẹja, apá tí ènìyàn ń jẹ ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń gbẹ tàbí tí wọ́n ń sun di eérú kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ strontium ni wọ́n ń wá, eegun ni wọn yóò mú, kẹ́míkà ni wọn yóò sì fi yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ tritium inú omi, ẹ̀rọ mìíràn ni. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ kékeré kan sórí páálí ẹja nínú ọjà, tó sì ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Ẹja kan kì í ṣe gbogbo òkun

Àǹfààní òṣùwọ̀n ni pé ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2011, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ńsì wọn ẹja tuna 15 tí wọ́n pa ní etí òkun California ní Amẹ́ríkà. Gbogbo wọn ló ti gbé caesium Fukushima la òkun Pàsífíìkì kọjá. Òṣùwọ̀n fi hàn pé ó dé ibẹ̀ lóòótọ́. Òṣùwọ̀n kan náà fi hàn pé ó kéré gan-an sí potassium tó wà nínú ẹja náà tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ẹja kan tí wọ́n mú nínú èbúté ilé iṣẹ́ Fukushima gan-an ní 18,000 becquerel caesium nínú kìlógíráàmù kan. Òfin Japan kò gba ju 100 lọ láti oṣù kẹrin, ọdún 2012. Ìlọ́po 180 nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé kò sí ewu kankan níbi kankan kò sọ òótọ́, ẹni tó bá sì sọ pé gbogbo ẹja òkun ti bàjẹ́ kò sọ òótọ́ bákan náà. Àwọ̀n ni wọ́n fi dí ẹnu èbúté náà kí ẹja ibẹ̀ má baà jáde, ẹja ibẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó lọ sí ọjà.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ àwo ọbẹ̀ ní Sabon Gari jù ni ti Norway, níbi tí okporoko ti ń wá. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1989, Komsomolets, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ológun Soviet, rì sínú òkun Norway. Ẹ̀rọ agbára átọ́ọ̀mù àti àdó olóró méjì wà nínú rẹ̀, ó sì wà ní ìsàlẹ̀ tó jìn tó nǹkan bí 1,700 mítà títí di òní. Norway kò sọ pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ bu omi, ẹrẹ̀ àti ẹja agbègbè náà. Ní oṣù keje, ọdún 2019, wọ́n fi ẹ̀rọ tí kò ní ènìyàn nínú wọ ìsàlẹ̀ lọ, wọ́n sì bu omi ní ẹnu ihò kan lára ọkọ̀ náà. Nínú ọ̀kan lára àwọn omi tí wọ́n bù, caesium tó 100 becquerel nínú lítà kan, nígbà tí ti òkun yòókù jẹ́ nǹkan bí 0.001. Ìlọ́po 100,000 ni.

Wọn kò fi í pamọ́. Wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé lóṣù náà gan-an, wọ́n sì ṣàlàyé pé omi tó pọ̀ rẹpẹtẹ yí ibẹ̀ ká, pé èròjà náà ń fọ́nká kíákíá, àti pé ẹja kò pọ̀ ní ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà wọn kò sá. Ẹni tó bá ti ń fi òṣùwọ̀n han oníbàárà rẹ̀ lọ́dọọdún, tó bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan yí padà, wọn yóò gbà á gbọ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni Norway ń fi òṣùwọ̀n rà.

Nàìjíríà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni èyí yẹ kó rántí ọdún 1960. Ní ọjọ́ 13, oṣù kejì ọdún náà, France dán àdó olóró átọ́ọ̀mù rẹ̀ àkọ́kọ́ wò ní Reggane nínú aṣálẹ̀ Sahara. Ibẹ̀ sí Kánò kò tó 2,000 kìlómítà, aṣálẹ̀ Sahara náà sì ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wọ Nàìjíríà. Inú bí àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn tí France dán ẹ̀kẹta wò ní ìparí ọdún náà, Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lé aṣojú France kúrò nílùú ní oṣù kìíní, ọdún 1961.

Ìbínú náà kò parí sí ẹnu. Ní ọdún 1964, ìjọba dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tí yóò máa wọn ìtànṣán nínú afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ. Lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ìjọba lórí ààbò ìtànṣán dúró sí ní Ìbàdàn lónìí. Ní ọdún 1988, nígbà tí wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí olóró láti Italy ní Koko, nítòsí òkun ní ìpínlẹ̀ Bendel ayé ìgbà náà, Nàìjíríà mú kí wọ́n kó o padà, wọ́n sì ṣòfin tó le lórí ìdọ̀tí olóró. Ní ọdún 2001, NNRA, àjọ tó ń ṣàmójútó ọ̀rọ̀ agbára átọ́ọ̀mù, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 2004, ẹ̀rọ ìwádìí átọ́ọ̀mù kékeré kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Zaria sí Kánò kò tó 200 kìlómítà.

Ìmọ̀ wà, òfin wà, ibi tí wọ́n ti lè wọ̀n ọ́n kò sì jìnnà. Èyí tó ṣòro láti rí ni èsì tó dé ọwọ́ ẹni tó ń jẹ ẹja. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti ń wọn ẹrẹ̀ àti omi ní agbègbè Niger Delta, níbi tí epo rọ̀bì ti ń mú radium jáde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú omi, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Iṣẹ́ wọn ń jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn ọ̀mọ̀wé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ àwọn tó kàwé pàápàá kò lè kà já. Kì í dé Sabon Gari.

Àwọn tó ní owó kò sí

Àwọn kan yóò sọ pé ohun tó ń pa ènìyàn ní Nàìjíríà kì í ṣe caesium. Òótọ́ ni. Ibà ń pa ọmọdé. Ẹja tí iná ìjọba lọ mọ́ nínú yàrá yìnyín, tó rọ̀, tí wọ́n tún mú dì, lè dá ènìyàn sójú ibùsùn lálẹ́ ọjọ́ tó jẹ ẹ́. NAFDAC sì ti kìlọ̀ léraléra nípa àwọn tó ń fi oògùn apakòkòrò sí oúnjẹ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ní náírà kan ṣoṣo fún ààbò ẹja ní Kánò, orí iná àti yìnyín ni kó ná an sí.

Ṣùgbọ́n ìjọba kì í ṣe ẹni tó ní náírà kan ṣoṣo. Àyẹ̀wò ìtànṣán kò béèrè pé kí wọ́n wọn gbogbo ẹja. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n ṣà láti èbúté àti láti ọjà, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tó láti fi ojú òótọ́ hàn. Àìṣe é pẹ̀lú ní owó tirẹ̀, ẹni tí kò dá nǹkan kan sílẹ̀ ló sì ń san án. Lọ́jọ́ tí àhesọ bá wọ ọjà, òǹtajà tó yáwó ra ẹja ni páálí yóò jẹrà mọ́ lọ́wọ́, ìdílé tó ń fi ṣáwá ṣe ẹran ni yóò sì pàdánù oúnjẹ aṣaralóore tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Bí ewu tòótọ́ bá sì dé lọ́jọ́ kan, kò ní sí òṣùwọ̀n àtẹ̀yìnwá tí wọn yóò fi mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ẹni tí kò mọ iye tó wà nínú àpò rẹ̀ lánàá kò lè mọ̀ pé olè ti jà á lónìí.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ó yẹ kí NNRA, NAFDAC àti ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun tó wà ní Èkó pawọ́ pọ̀ bu omi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àti ẹja láti Badagry títí dé Calabar lọ́dọọdún, kí wọ́n sì wọ̀n wọ́n. Ó yẹ kí ẹja tó ń ti òkèèrè bọ̀ wà lára rẹ̀, kí wọ́n má sì fi mọ sí èbúté Èkó. Kí wọ́n mú díẹ̀ láti orí àtẹ ní Sabon Gari, ní Bódìjà, ní Onitsha, nítorí ibẹ̀ ni ẹja ti ń di oúnjẹ. Zaria lè wọn ti Kánò, Ìbàdàn lè wọn ti ìwọ̀ oòrùn.

Èkejì ni èdè. Èsì tí kò bá jáde ní Yorùbá, Haúsá àti Ígbò kò tíì jáde. Kí ó sọ iye tí wọ́n rí, iye tí òfin gbà, àti iye tó ti wà nínú ẹja tẹ́lẹ̀. Kí àwọn oníròyìn àti àwọn onímọ̀ èdè fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa lò, kí ìtànṣán máa jẹ́ ìtànṣán, kí májèlé sì dúró sí àyè tirẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ rédíò máa ka iye náà bí wọ́n ṣe ń ka iye owó dọ́là.

Ẹ̀kẹta ni pé kí wọ́n sọ èyí tí kò dùn ún gbọ́ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá rí ibi tí radium pọ̀ jù nítòsí kànga epo, kí wọ́n dárúkọ ibẹ̀. Òṣùwọ̀n tó ń kéde ìròyìn ayọ̀ nìkan kò yàtọ̀ sí mùdù tí wọ́n tẹ̀ nídìí.

Ní ti àwọn tó ń ra ẹja, kò sí ìdí láti fi ẹja òkun sílẹ̀ nítorí Fukushima. Kí wọ́n wo ojú ẹja bóyá ó ṣì ń dán, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n sì sè é jinná. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wà á pẹ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òkun jìn dé, iṣẹ́ ìjọba sì ni láti wọ̀n ọ́n, kí ó sì sọ fún àwọn ará ìlú.